Iná mànàmáná àti òòfà: ìbéèrè tó máa ń da àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì láàmú, àti ìdáhùn wọn

Ẹni tó bá ti jókòó ní kíláàsì PHY 102, ìyẹn kọ́ọ̀sì iná àti òòfà ní yunifásítì, rí á mọ bó ṣe máa ń rí. Fọ́múlà kún ojú bọ́ọ̀dù, a ṣe ìṣirò títí, ìdáhùn sì jáde. Ṣùgbọ́n tí olùkọ́ bá fi fọ́múlà sílẹ̀ tó wá béèrè pé, "Nínú gílóòbù méjì yìí, èwo ló máa mọ́lẹ̀ jù?", kẹ́kẹ́ á pa. Àwọn ìbéèrè tí mo kó jọ sísàlẹ̀ yìí ni mo máa ń gbọ́ jù lẹ́nu àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní àti ọdún kejì, àwọn tó ń ka físíìsì àtàwọn tó ń ka ẹnjiníà. Mi ò tò wọ́n bí ìwé ṣe ń tò wọ́n. Èyí tó ń dá wàhálà sílẹ̀ jù ni mo fi ṣáájú.

Mo gba A nínú ìdánwò iná àti òòfà. Ṣé èmi náà lè ní àṣìlóye?

Ó ṣeé ṣe dáadáa. Ní Yunifásítì Washington nílùú Seattle, ní Amẹ́ríkà, Lillian McDermott àti Peter Shaffer fi ìbéèrè kan dán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ físíìsì wò, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 1992. Gílóòbù márùn-ún ni, gbogbo wọn bára mu. Bátìrì mẹ́ta ni, àwọn náà bára mu. Bátìrì kìíní ń tan gílóòbù A nìkan. Bátìrì kejì ń tan B àti C, tí wọ́n tò tẹ̀ lé ara wọn lójú wáyà kan ṣoṣo. Bátìrì kẹta ń tan D àti E, ṣùgbọ́n D ní ọ̀nà tirẹ̀ lọ sí bátìrì, E náà ní tirẹ̀. Ẹ tò wọ́n láti orí èyí tó mọ́lẹ̀ jù dé orí èyí tó ṣú jù.

Kò sí ìṣirò kankan níbẹ̀. Síbẹ̀, nǹkan bí 15 péré nínú 100 àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló gbà á, ì báà jẹ́ kí wọ́n tó gba ẹ̀kọ́ náà tàbí lẹ́yìn tí wọ́n gbà á tán. Àwọn tó lè yanjú ìṣirò tó le gan-an wà lára àwọn tó kùnà.

Ìdáhùn rẹ̀ ni pé A, D àti E mọ́lẹ̀ bákan náà, B àti C náà sì bára wọn mu, àmọ́ wọ́n ṣú ju àwọn mẹ́ta yòókù lọ. Bí ohun tí ẹ ní lọ́kàn bá yàtọ̀ sí èyí, ìbéèrè méjì tó tẹ̀ lé e yìí wà fún yín.

Kí ló dé tí D àti E ò fi ṣú ju A lọ? Ṣebí wọ́n jọ ń pín kọ́rẹ́ǹtì bátìrì kan ni.

Kò sí kọ́rẹ́ǹtì kan tí bátìrì ti wọ̀n kalẹ̀ tó ń dúró de ẹni tó máa pín in. Fólítéèjì, ìyẹn bí bátìrì ṣe ń ti iná lágbára tó, ni bátìrì máa ń gbìyànjú láti mú dúró lójú kan. Iye kọ́rẹ́ǹtì tó máa jáde wá wà lọ́wọ́ ohun tí ẹ bá so mọ́ ọn. Ẹ so gílóòbù kan, kọ́rẹ́ǹtì ìwọ̀n kan jáde. Ẹ fún gílóòbù kejì ní ọ̀nà tirẹ̀, kọ́rẹ́ǹtì tó ń jáde láti inú bátìrì á di ìlọ́po méjì. D rí fólítéèjì bátìrì lódindi, E náà rí i lódindi, nítorí náà kò sí èyí tí ìkejì rẹ̀ fi nǹkan dù.

Àbí nílé yín, tẹ́ ẹ bá tan iná yàrá, ṣé ti pálọ̀ máa ń ṣú? Kì í ṣú, nítorí bí D àti E ṣe wà ni wọ́n ṣe wáyà ilé. Bí bátìrì yín bá ti gbó, ẹ lè rí i pé D àti E rẹlẹ̀ díẹ̀ sí A. Ìdènà inú bátìrì fúnra rẹ̀ ló fà á, kì í ṣe pé wọ́n ń pín nǹkan.

Ṣé kì í ṣe B ló máa kọ́kọ́ jẹ nínú kọ́rẹ́ǹtì kó tó kan C?

Nínú gbogbo àṣìlóye tí mo mọ̀, èyí ló lágídí jù. Ẹ lè bọ́ lọ́wọ́ ìdánwò pẹ̀lú rẹ̀, ẹ lè gba ìwé ẹ̀rí pẹ̀lú rẹ̀, nítorí fọ́múlà V = IR (fólítéèjì jẹ́ kọ́rẹ́ǹtì tí a sọ di púpọ̀ pẹ̀lú ìdènà) ò ní bá yín jà.

Gílóòbù kì í jẹ kọ́rẹ́ǹtì. Bí ammeter, ẹ̀rọ tó ń wọn kọ́rẹ́ǹtì, bá ka 0.3 ampere ṣáájú gílóòbù, 0.3 náà ló máa kà lẹ́yìn rẹ̀. Kọ́rẹ́ǹtì jẹ́ iye ṣáàjì (iná tí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù, àwọn ohun bíńtín inú wáyà, gbé dání) tó ń kọjá lójú kan láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ṣáàjì ò sì ṣeé jẹ run. Bó ṣe ń wọlé ní apá kan gílóòbù ló ń jáde ní apá kejì. Ẹ rántí ṣéènì kẹ̀kẹ́. Ẹsẹ̀ ẹni tó gun kẹ̀kẹ́ ń ti ṣéènì, ṣéènì ń yí táyà ẹ̀yìn, agbára sì ti iwájú dé ẹ̀yìn, síbẹ̀ kò sí ojú ṣéènì kan tí táyà gbé mì. Gbogbo rẹ̀ ló ń padà wá. Agbára ni gílóòbù ń gbà. Kọ́rẹ́ǹtì kàn ń kọjá ni.

Ẹ̀rí rẹ̀ wà lára ògiri ilé tí wọ́n bá ti ṣe wáyà rẹ̀ dáadáa. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní RCD máa ń fi kọ́rẹ́ǹtì tó ń lọ lójú wáyà live wé èyí tó ń padà bọ̀ lójú wáyà neutral. Tí ìyàtọ̀ àárín wọn bá tó nǹkan bí 30 mílíámpía, ó máa já iná, nítorí ó túmọ̀ sí pé kọ́rẹ́ǹtì kan ti gba ibòmíì lọ, bóyá ara èèyàn. Ká ní fíríìjì, áyọ́ọ̀nù àti fáànù ń jẹ kọ́rẹ́ǹtì ni, RCD ì bá máa já iná ní gbogbo ìgbà tí ẹnikẹ́ni bá fi áyọ́ọ̀nù bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì. Nítorí bẹ́ẹ̀, ẹ má gbà gbọ́ pé wáyà neutral "ò ní nǹkan nínú". Kọ́rẹ́ǹtì tó wà lójú live náà ló wà lójú rẹ̀.

Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, kí là ń sanwó fún?

Agbára. Yúníìtì kan lórí mítà jẹ́ kílówáàtì fún wákàtí kan. Gílóòbù 100 wáàtì tó bá tàn fún wákàtí mẹ́wàá ti jẹ yúníìtì kan.

Gílóòbù 60 wáàtì àti gílóòbù 100 wáàtì, tí a bá tò wọ́n tẹ̀ lé ara wọn, èwo ló máa mọ́lẹ̀ jù?

Èyí tó jẹ́ 60. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń jiyàn lórí rẹ̀, torí wọ́n gbà pé 100 tí wọ́n tẹ̀ sára gílóòbù jẹ́ ìwà rẹ̀ níbi gbogbo. Ohun tí ilé iṣẹ́ ń sọ ni pé, bí ẹ bá fún gílóòbù yìí ní fólítéèjì tí wọ́n kọ sára rẹ̀ lódindi, 100 wáàtì ló máa lò.

Ká sọ pé gílóòbù oníwáyà tó ń gbóná ni, 240 fólítì ni wọ́n sì kọ sí i lára. Wáàtì jẹ́ V²/R, nítorí náà ìdènà gílóòbù 60 jẹ́ 960 ohm, ti 100 sì jẹ́ 576 ohm. Ẹ tò wọ́n tẹ̀ lé ara wọn sórí 240 fólítì: àpapọ̀ jẹ́ 1536 ohm, kọ́rẹ́ǹtì sì jẹ́ nǹkan bí 0.156 ampere fún àwọn méjèèjì. I²R, tí òun náà jẹ́ wáàtì, á wá fún ẹni 60 ní nǹkan bí 23 wáàtì, á fún ẹni 100 ní 14. Bó bá di pé ẹ wọ̀n ọ́n lóòótọ́, nọ́ńbà náà á yàtọ̀ díẹ̀ torí pé ìdènà wáyà inú gílóòbù máa ń dín kù tí kò bá gbóná tó, ṣùgbọ́n 60 náà ló máa borí.

Súìṣì wà ní pípa, kọ́rẹ́ǹtì jẹ́ òdo. Gẹ́gẹ́ bí V = IR, ṣé fólítéèjì orí súìṣì náà ò jẹ́ òdo ni?

Rárá o. Gbogbo fólítéèjì bátìrì ló wà lórí súìṣì yẹn. V = IR ń ṣiṣẹ́ fún ohun tó ní ìdènà tí a mọ iye rẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó wà láàárín ẹnu súìṣì kì í ṣe irú ohun bẹ́ẹ̀. Gílóòbù ni kẹ́ ẹ fi V = IR wò: kọ́rẹ́ǹtì òdo, nítorí náà fólítéèjì tirẹ̀ òdo. Bí bátìrì bá jẹ́ 9 fólítì, tí gílóòbù sì gba òdo nínú rẹ̀, níbo ni 9 náà wà? Orí súìṣì ni.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti inú ìwé lásán. Bí oníṣẹ́ iná bá ṣèèṣì fi súìṣì sójú wáyà neutral dípò live, gílóòbù á kú tẹ́ ẹ bá pa á, ṣùgbọ́n ẹnu ibi tí wọ́n ń ki gílóòbù bọ̀ ṣì ní iná. Ẹni tó bá fẹ́ pààrọ̀ gílóòbù tó fọwọ́ kàn án ń fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wewu.

Iná dé, ṣùgbọ́n half current ni. Ṣé kọ́rẹ́ǹtì ló kéré lóòótọ́?

Fólítéèjì ló kéré. Ẹ fi multimeter, ẹ̀rọ tó ń wọn fólítéèjì àti kọ́rẹ́ǹtì, wo sọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ lè rí 140 tàbí 120 fólítì níbi tó yẹ kí 230 wà. Mo fẹ́ràn ìbéèrè yìí púpọ̀, torí ẹnikẹ́ni tó bá dáhùn rẹ̀ délẹ̀ ti mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín kọ́rẹ́ǹtì àti fólítéèjì, kò tún ní gbàgbé mọ́.

Ẹ kọ́kọ́ wo ohun tó fà á. Ojú wáyà kan náà láti tiransifọ́mà ni kọ́rẹ́ǹtì gbogbo ilé àdúgbò ń gbà, wáyà náà sì ní ìdènà tirẹ̀. Bí kọ́rẹ́ǹtì ojú rẹ̀ bá ṣe pọ̀ tó ni fólítéèjì tó ń ṣòfò sójú ọ̀nà á ṣe pọ̀ tó. Èyí tó ṣẹ́ kù ló ń dé ọ̀dọ̀ yín. Ilé tó wà ní ìpẹ̀kun òpó ló máa ń jìyà jù. Èyí ni pé kọ́rẹ́ǹtì tó pọ̀ jù lójú wáyà àdúgbò ló bí ohun tí a ń pè ní half current.

Ẹ tún wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé. Gílóòbù oníwáyà á pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, torí fólítéèjì kékeré ti kọ́rẹ́ǹtì kékeré gba ojú rẹ̀. Fíríìjì ò rí bẹ́ẹ̀. Mọ́tò kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ nílò ipá tó pọ̀ kó tó lè bẹ̀rẹ̀ sí í yí, ipá yẹn sì máa ń lọ sílẹ̀ ní ìwọ̀n fólítéèjì ní ìlọ́po ara rẹ̀. Fólítéèjì di ìdajì, ipá di ìdámẹ́rin. Mọ́tò ò lè ṣí. Mọ́tò tó bá ń yí dáadáa máa ń bí fólítéèjì kan tó ń tako èyí tó ń wọlé, ohun tó sì ń dín kọ́rẹ́ǹtì rẹ̀ kù nìyẹn. Èyí tó dúró gbagidi ò ní irú ààbò bẹ́ẹ̀, kọ́rẹ́ǹtì tó ń fà á ju ti ìgbà tó ń ṣiṣẹ́ lọ dáadáa. Ẹ ó gbọ́ tí á kùn wíwí, tí nǹkan kan á dún "tá" lẹ́yìn rẹ̀, tí gbogbo rẹ̀ á dákẹ́. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ á tún bẹ̀rẹ̀. "Tá" yẹn ni ẹ̀rọ ààbò tó ń já iná kí wáyà inú mọ́tò má baà jóná. Bó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ ṣáá, ọjọ́ kan á jóná náà. Kọ́rẹ́ǹtì tó pọ̀ ló jó fíríìjì tí gbogbo ilé ń sọ pé "kọ́rẹ́ǹtì tó kéré" jó.

Kí ló dé tí wọ́n fi ń gbé iná lórí 330,000 fólítì? Ṣebí fólítéèjì ńlá, kọ́rẹ́ǹtì ńlá ni.

Ní Nàìjíríà, 330 kV àti 132 kV ni àwọn òpó ńlá fi ń gbé iná kiri, kí wọ́n tó sọ ọ́ kalẹ̀ sí 33 kV àti 11 kV. V tó wà nínú V = IR jẹ́ fólítéèjì tó ṣòfò láti ìpẹ̀kun wáyà kan dé ìpẹ̀kun kejì rẹ̀. 330 kV kì í ṣe ìyẹn. Àárín wáyà kan sí èkejì ni wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n. Ohun tí ìlú fẹ́ ni agbára, agbára láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan sì jẹ́ fólítéèjì tí a sọ di púpọ̀ pẹ̀lú kọ́rẹ́ǹtì. Ká fi wáyà méjì lásán ṣe ìṣirò mílíọ̀nù wáàtì kan: lórí 11 kV, nǹkan bí 91 ampere ni, lórí 330 kV, nǹkan bí 3 ni. Kọ́rẹ́ǹtì lọ sílẹ̀ ní ọ̀nà 30, ooru tó ń ṣòfò sójú wáyà sì lọ sílẹ̀ ní ọ̀nà 900, torí I²R ni.

Báwo ni ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ṣe ń yára tó? Ìmọ́lẹ̀ máa ń dé lójú ẹsẹ̀ tí mo bá tẹ súìṣì.

Ìgbín yára jù ú lọ. Nínú wáyà kọ́pà tí ẹnu rẹ̀ jẹ́ 1 mm², tí ampere kan ń kọjá nínú rẹ̀, ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ń sún ní nǹkan bí 0.07 mílímítà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Wákàtí kan gbáko, kò tíì rin sẹ̀ǹtímítà 30. Lójú iná ilé tó ń yí padà síwá sẹ́yìn ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá, kì í tilẹ̀ rìn lọ síbì kankan; ojú kan náà ló ti ń gbọ̀n. Ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tó ń tan gílóòbù yàrá yín ti wà nínú wáyà gílóòbù náà tẹ́lẹ̀, kò ti Kainji wá. Ohun tó yára ni pápá iná, ìyẹn electric field, tó ń ti gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà bí ṣéènì ṣe ń gbéra.

Wọ́n kọ́ wa pé pápá iná inú kọ́ńdọ́kítọ̀, ohun tó ń jẹ́ kí iná kọjá, jẹ́ òdo. Kí ló wá ń ti ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù?

Òfin yẹn wà fún ìgbà tí gbogbo ṣáàjì bá ti dúró jẹ́ẹ́. Nígbà tí kọ́rẹ́ǹtì bá ń lọ, wọn ò dúró, pápá sì wà nínú wáyà. Ó kéré ni: nínú wáyà kọ́pà tí mo sọ lókè yẹn, kò ju 0.017 fólítì fún mítà kan. Ṣáàjì díẹ̀díẹ̀ tó kóra jọ sí ojú ara wáyà ló ń darí pápá náà gba gbogbo kọ̀rọ̀ tí wáyà bá yà sí. Ọ̀pọ̀ ìwé kì í mẹ́nu kan ṣáàjì ojú ara wáyà yìí, ó sì dùn mí, nítorí òun ló so ìdajì àkọ́kọ́ kọ́ọ̀sì náà mọ́ ìdajì kejì.

Gẹ́gẹ́ bí òfin Gauss, ṣé ṣáàjì tó wà níta kì í dá pápá sílẹ̀ lórí ojú tí mo yà ni?

Ó ń dá a sílẹ̀. Òfin Gauss ní àpapọ̀ pápá iná (E) tó ń gba ojú tó yí ibì kan ká jáde wà lọ́wọ́ ṣáàjì tó wà nínú rẹ̀ nìkan. Ṣáàjì ìta ò kàn ní fi kún àpapọ̀ pápá tó ń gba ojú náà jáde ni, torí ohun tó wọlé lápá kan ló jáde lápá kejì. Àpapọ̀ lè jẹ́ òdo kí pápá má jẹ́ òdo níbì kankan. E tó wà nínú fọ́múlà yẹn jẹ́ ti gbogbo ṣáàjì tó wà láyé, tinú tìta. Ibi tí nǹkan bá ti bára mu yíká nìkan la ti lè fa E jáde kúrò lábẹ́ ìṣirò.

Ṣáàjì ńlá àti ṣáàjì kékeré, èwo ló ń ti èkejì jù?

Ipá kan náà ni. Òfin kẹta Newton ò sinmi nígbà tí a bá dé orí iná.

Ṣé òpin àríwá òòfà máa ń fa ṣáàjì òdì mọ́ra?

Kì í fà á. Òpin òòfà kì í ṣe ṣáàjì. Bí ẹ bá gbé ṣáàjì kan kalẹ̀ jẹ́ẹ́ síwájú òòfà tó dúró jẹ́ẹ́, pápá òòfà ò ní fi ipá kankan tì í. Ìgbà tí ṣáàjì bá ń rìn, tí ìrìn rẹ̀ sì ń dábùú pápá náà, ni ipá máa ń wá, ipá náà á sì dábùú ìrìn àti pápá pa pọ̀. Nítorí pé ó ń dábùú ìrìn, kì í fi kún eré ṣáàjì, kì í sì í dín in kù. Ó ń yí ojú ọ̀nà rẹ̀ ni. Àwọn ìlà tí a máa ń yà fún pápá òòfà kì í sì í ṣe ọ̀nà tí ṣáàjì ń tọ̀. Bí ẹ bá ṣẹ́ òòfà sí méjì, ẹ ò ní rí àríwá nìkan lọ́wọ́ kan àti gúúsù nìkan lọ́wọ́ kejì. Òòfà méjì lódindi lẹ máa rí.

Òòfà alágbára wà nínú kọ́ìlì wáyà mi, síbẹ̀ mítà ò mì. Kí ló ṣẹlẹ̀?

Nǹkan kan ò bàjẹ́. Lẹ́yìn tí Oersted fi hàn lọ́dún 1820 pé kọ́rẹ́ǹtì ń yí abẹ́rẹ́ kọ́ńpáàsì, àwọn èèyàn ń wá bí òòfà náà ṣe máa bí kọ́rẹ́ǹtì. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹjọ ọdún 1831, ní Royal Institution nílùú London, Michael Faraday yí kọ́ìlì méjì mọ́ òrùka irin kan. Nígbà tó so bátìrì mọ́ kọ́ìlì kìíní, abẹ́rẹ́ tó wà lọ́dọ̀ kọ́ìlì kejì mì fìrì, ó sì padà sípò. Nígbà tó já bátìrì, ó tún mì. Láàárín ìgbà méjèèjì, tí kọ́rẹ́ǹtì ń lọ geere, abẹ́rẹ́ náà dúró. Ìyípadà ló ń bí fólítéèjì, wíwà nìkan ò tó. Nínú jẹnẹrétọ̀ náà, ìgbà tí pápá tó gba inú kọ́ìlì kọjá bá pọ̀ jù gan-an ni fólítéèjì jẹ́ òdo, torí lójú ẹsẹ̀ yẹn kò lọ sókè, kò sì sọ̀ kalẹ̀.

Òfin Lenz náà ń tẹ̀ lé e. Kọ́rẹ́ǹtì tuntun kì í tako pápá. Ìyípadà pápá ló ń tako. Bí ẹ bá ń fa òòfà jáde kúrò nínú kọ́ìlì, kọ́rẹ́ǹtì á gbìyànjú láti gbe pápá tó ń lọ náà lẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń pàdánù máàkì síbí yìí.

Ṣé kọ́rẹ́ǹtì ń gba àárín capacitor kọjá?

Capacitor jẹ́ ojú irin méjì tó kọjú sí ara wọn tí wọn ò fara kanra. Ṣáàjì ò gba àárín ojú méjèèjì kọjá. Bó ṣe ń kóra jọ sí ojú kan ló ń kúrò lójú kejì, ìdí nìyẹn tí ammeter méjì, ọ̀kan ṣáájú, ọ̀kan lẹ́yìn, fi ń ka iye kan náà. Àpapọ̀ ṣáàjì inú rẹ̀ ṣì jẹ́ òdo. Agbára ló tọ́jú.

Láàbù wa ò ní ohun èlò. Kí la lè fi dán àwọn nǹkan yìí wò?

Bátìrì tọ́ọ̀ṣì 1.5 fólítì kan, gílóòbù tọ́ọ̀ṣì oníwáyà mẹ́ta tó bára mu, wáyà díẹ̀, àti multimeter tó ń wọn DC, ìyẹn iná bátìrì. Kẹ́ ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ gbìyànjú láti tan gílóòbù kan pẹ̀lú bátìrì kan àti wáyà kan ṣoṣo. Gílóòbù ní ojú méjì tí wáyà inú rẹ̀ dé: ìdí rẹ̀ àti irin tó yí ara rẹ̀ ká. Ẹni tó bá fi ojú kan ṣoṣo kan bátìrì ṣì ń ro pé iná ń tú jáde lọ sínú gílóòbù ni. Lẹ́yìn náà, ẹ to A, B, C, D, E bí mo ṣe sọ lókè, ní abala kọ̀ọ̀kan. Ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ rò pé á ṣẹlẹ̀ sínú ìwé kẹ́ ẹ tó so wáyà, kí ọ̀rẹ́ yín náà kọ tirẹ̀, kẹ́ ẹ sì bára yín jiyàn.

Ẹ má fi iná ilé dán èyíkéyìí nínú wọn wò, kódà ti 60 àti 100 wáàtì. Ẹ má sì so ammeter tààrà mọ́ ẹnu bátìrì méjèèjì láìsí gílóòbù láàárín. Tẹ́ ẹ bá wọn kọ́rẹ́ǹtì tán, ẹ yọ wáyà pupa multimeter kúrò nínú ihò A lójú ẹsẹ̀, ẹ dá a padà sí ihò V, torí ẹni tó bá gbé e wọn fólítéèjì nígbà tó ṣì wà ní ihò A máa jó fíúsì inú rẹ̀.